Brian Clough: Ọ̀rọ̀ nípa Agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó di Olùdarí Ẹgbẹ́

Mo mọ̀ pé ẹnu ya àwọn kan nínú yín nígbà tí ẹ rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lára pátákó ìkéde. Ẹnìkan tilẹ̀ dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ní kí ni Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ ń wá nídìí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, àti pé bí a bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ti bọ́ọ̀lù, ṣé kò sí ọmọ tiwa tí a lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, tí a fi lọ mú Gẹ̀ẹ́sì? Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ wa níhìn-ín, n kò sì mọ ẹlòmíràn nínú eré ìdárayá tí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣiṣẹ́ tó ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí a bá sì bá ìtàn náà rìn jìnnà díẹ̀, a ó pàdé ọmọ tiwa lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ni.

Kí n sọ ọ́ ṣáájú pé n kò wá síbí láti kì í ní oríkì, bẹ́ẹ̀ ni n kò wá láti bú u. Àwọn tí ó ti kọ ìwé nípa rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àléébù rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Brian Howard Clough ni àpèjá orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1935 ni a bí i ní Middlesbrough, ìlú irin àti kẹ́míkà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe súìtì. Ọmọ pọ̀ nílé wọn. Nígbà tí ó tó àkókò ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, Brian fìdí rẹmi, kò sì gbàgbé ìtìjú náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì tí wọ́n fi í sí sọ ọ́ di olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ó fi hàn pé àwọn olùkọ́ ti rí ohun kan lára rẹ̀ tí ìwé ìdánwò kò lè rí. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó jáde níbẹ̀ láìní ìwé-ẹ̀rí kankan. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ICI, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú, èyí tí ìjọba sọ di dandan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà, láti 1953 títí di 1955.

Ní 1955 yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà Middlesbrough, ní Ìpele Kejì. Ọdún yẹn kan náà ni Teslim Balogun tiwa, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Thunder, wọkọ̀ lọ sí Peterborough láti lọ fi bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó lọ sí Queens Park Rangers ní 1956. Mo kàn dárúkọ rẹ̀ kí a má ṣe rò pé ayé tí mo ń ròyìn yìí jìnnà sí tiwa tó bí ó ti jọ ni. Àárín iwájú ni Clough ń gbá. Kì í sáré káàkiri, kì í fi bọ́ọ̀lù dárà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó gbà pé òun wá ṣe, òun náà ni pé kí bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n. Nínú ìdíje líìgì 213 tí ó gbá fún Middlesbrough, góòlù 197 ni ó jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n pè é láti gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1959, kò sì jẹ góòlù kankan nínú méjèèjì.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ sí wọn lójú pé bí òun ti ń jẹ góòlù níwájú ni àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń jẹ́ kí alátakò jẹ tiwọn. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe balógun ẹgbẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi mẹ́sàn-án fọwọ́ sí ìwé kan pé kí wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó dúró tì í gbágbágbá. Peter Taylor ni orúkọ rẹ̀, gólì ni, ọmọ Nottingham, ó sì fi bí ọdún méje jù ú lọ. Òun ni ó ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́ láti ìgbà tí Clough ṣì wà láàárín àwọn tí kò rí àyè gbá pé kò sí aláyò tó o nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ Taylor sí ibi tí ọwọ́ yóò ti tó o, nítorí a ó tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nínú oṣù Keje 1961 Sunderland fi £55,000 ra Clough. Nínú ìdíje líìgì 61, ó jẹ góòlù 54. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1962 dé, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Òtútù mú, ilẹ̀ pápá ti le bí òkúta. Ó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan nígbà tí òun àti gólì ẹgbẹ́ Bury forí sọ ara wọn. Èjìká ọkùnrin yẹn bá a lórúnkún, iṣan tí ó so eegun mọ́ eegun sì já. Lónìí, oníṣẹ́-abẹ lè tún irú iṣan bẹ́ẹ̀ ṣe, kí agbábọ́ọ̀lù padà sórí pápá láàárín ọdún kan. Ní ìgbà náà, ìdágbére ni. Ó gbìyànjú títí, ó padà wá gbá ìdíje mẹ́ta nínú oṣù Kẹsàn-án 1964 nígbà tí Sunderland ti gòkè sí Ìpele Kìíní, ó sì jẹ góòlù kan, èyí tí í ṣe góòlù kan ṣoṣo tí ó jẹ ní ìpele yẹn ní gbogbo ayé rẹ̀. Leeds United ni ó jẹ ẹ́ sí. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 29. Góòlù 251 ni ó ti jẹ nínú ìdíje líìgì 274.

Ẹsẹ̀ tí ó fi ń jẹun ti kọ̀. Ìwé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ni ó kù.

Nínú oṣù Kẹwàá 1965 Hartlepools United, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Ìpele Kẹrin, pè é kí ó wá di olùdarí. Àwọn èwe wa a máa pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní máníjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan àwọn tí yóò gbá, láti rà, láti tà, àti láti gba èébú nígbà tí nǹkan kò bá dára. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Ó ránṣẹ́ pe Taylor, ẹni tí ó ń darí Burton Albion, pé kí ó wá bá òun ṣe é. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá kò lówó. Clough gba ìwé-àṣẹ láti wa bọ́ọ̀sì kí ó lè máa fúnra rẹ̀ gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí ibi ìdíje. Ó ń lọ láti ilé-ọtí dé ilé-ọtí, ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè dá owó. Ní ìparí sáà 1966 sí 1967, ẹgbẹ́ náà tí ó ti mọ́ ọn lára láti máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ṣe lé òun kúrò nínú líìgì ti gun ipò kẹjọ. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti fún ọmọ ọdún 16 kan láyè, John McGovern, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí kò yá nílẹ̀. Ọmọ yìí yóò tẹ̀lé Clough dé ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn, òun ni yóò sì gba ife Yúróòpù lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ nígbà méjì gẹ́gẹ́ bí balógun.

Ní 1967 àwọn méjèèjì lọ sí Derby County ní Ìpele Kejì. Ọdún kìíní wọn níbẹ̀ burú ju ti ẹni tí wọ́n gba ipò rẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ náà ṣe ipò kejìdínlógún. Àwa tí a ń kánjú láti lé olùdarí lẹ́yìn ìdíje mẹ́ta yẹ kí a ronú sí i. Lẹ́yìn èyí ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dave Mackay, akọni Tottenham, ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé ní Scotland lọ di igbákejì olùdarí ní Hearts ní 1968. Clough wakọ̀ lọ sí London, ó jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó fi kúrò níbẹ̀, Mackay ti gbà láti wá ṣe balógun ẹgbẹ́ Ìpele Kejì. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n gòkè. Ní 1970 ó lọ wá Archie Gemmill ní ilé rẹ̀. Gemmill kọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé. Clough ní òun kò lọ, ó sùn sílé wọn mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin náà fọwọ́ sí i.

Nínú oṣù Karùn-ún 1972, Derby gbá èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje wọn, wọ́n na Liverpool ní góòlù kan sí òdo, McGovern ni ó jẹ ẹ́. Àmì wọn di 58. Síbẹ̀ Leeds àti Liverpool ṣì ní ìdíje kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, bí nǹkan bá lọ bí ó ti yẹ, ọ̀kan nínú wọn ni yóò gba ife. Taylor kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí Majorca láti sinmi. Clough kó ìyàwó, ọmọ àti òbí rẹ̀ lọ sí erékùṣù Scilly. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù náà, Wolves na Leeds ní méjì sí ọ̀kan, Arsenal kò sì jẹ́ kí Liverpool jẹ góòlù kankan. Báyìí ni Derby ṣe di aborí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí olùdarí wọn wà ní ìsinmi létí òkun. Ọdún kejì, wọ́n dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje ife Yúróòpù, Juventus ni ó sì dá wọn dúró.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Clough ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tí kò bú: àwọn aláṣẹ líìgì, àwọn alága ẹgbẹ́, Leeds United pàápàá, tí ó ní wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù èrú. Alága Derby, Sam Longson, ní kí ó dákẹ́. Kò dákẹ́. Nínú oṣù Kẹwàá 1973 òun àti Taylor kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n rò pé wọn yóò bẹ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n. Àwọn alátìlẹ́yìn tú jáde sí ìgboro, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Mackay ni wọ́n pè padà wá bí olùdarí, ó sì gba ife líìgì fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1975.

Ọ̀rọ̀ Leeds ni mo fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ dúró lé díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ní Brighton, ní Ìpele Kẹta, àwọn Leeds yìí náà, tí ó ti bú fún ọdún púpọ̀, wá pè é nínú oṣù Keje 1974. Don Revie tí ó kọ́ ẹgbẹ́ náà, ọmọ Middlesbrough bíi tirẹ̀, ti lọ darí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Taylor ní òun kò lọ, ó dúró sí Brighton. Clough dá wọ ibẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ sẹ́yìn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, wọ́n jókòó dè é nínú yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó sì tún fi kún un: ó sọ fún wọn pé kí wọ́n kó gbogbo mẹ́dàlì wọn dànù nítorí pé èrú ni wọ́n fi gbà á. Ìdíje líìgì mẹ́fà ni wọ́n gbá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n borí nínú ọ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kẹrìnlélógójì, wọ́n lé e. Alẹ́ ọjọ́ náà ni tẹlifíṣàn pe òun àti Revie jókòó síwájú ara wọn, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ na ara wọn lójú gbogbo ìlú. N kò mọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ nínú eré mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù Leeds ni wọ́n dìtẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kò ní ẹni tí yóò dì í lẹ́nu mú. Ní Hartlepools àti ní Derby, Taylor ni ó ń wò, Clough ni ó ń wí. Taylor ni ó ń lọ jókòó láàárín èrò pẹ̀lú fìlà tí ó fi bojú, tí ó ń wo agbábọ́ọ̀lù títí yóò fi mọ ohun tí ó ń bẹ nínú rẹ̀. Òun ni ó mọ bí a ti ń fi àwàdà tú inú ènìyàn ká lẹ́yìn tí Clough bá ti fi ìbínú dì í. Ẹnu láìsí ojú, ìyẹn ni ó lọ sí Leeds.

Nínú oṣù Kìíní 1975 ó lọ sí Nottingham Forest, ẹgbẹ́ tí ó wà láàárín Ìpele Kejì tí kò sí ẹni tí ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Fún ọdún kan àti ààbọ̀ tí ó dá wà níbẹ̀, kò sí ohun kan tí a lè ròyìn. Nínú oṣù Keje 1976 Taylor dé. Ó wo ẹgbẹ́ náà, ó sì ń tọ́ka. John Robertson, ọmọ Scotland tí ó sanra, tí ó ń mu sìgá, tí kì í sáré, ni ó pè, ó sì sọ òtítọ́ fún un láìfi bọpo bọyọ̀, pé ó ní ẹ̀bùn tí ó ń fi ṣòfò. Kenny Burns, tí ó ń gbá iwájú ní Birmingham tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé oníjàgídíjàgan ni, ni wọ́n rà tí wọ́n sì fi sẹ́yìn. Láàárín ọdún kan àwọn oníwèé-ìròyìn dìbò yàn án ní agbábọ́ọ̀lù ọdún. Ní 1977 wọ́n gòkè, ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Ní 1978 wọ́n di aborí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi àmì méje borí Liverpool. Láti oṣù Kọkànlá 1977 títí di oṣù Kejìlá 1978, wọ́n gbá ìdíje líìgì 42 tí ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n. Ọdún 2004 ni Arsenal tó kọjá ibẹ̀.

Ọgbọ́n wo ni ó ń lò? Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sọ pé kì í ya àwòrán sára pátákó, kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá pàdé. Kí gólì mú bọ́ọ̀lù, kí àwọn ẹ̀yìn gbà á kúrò, kí wọ́n máa fi í fún ara wọn nílẹ̀, kí ó dé ọ̀dọ̀ Robertson ní apá òsì: ó parí. A kò gbọdọ̀ bá adarí eré jiyàn. Ìsinmi pọ̀. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú àṣekágbá ife Líìgì ní 1979, ó kó wọn jọ nínú òtẹ́ẹ̀lì, ó ní kí wọ́n mu ṣámípéènì títí; àwọn kan kò lè gun àkàsọ̀ lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n na Southampton ní mẹ́ta sí méjì. Mi ò dámọ̀ràn èyí fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹgbẹ́ Ifásitì wa.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1979, ní Munich, Robertson gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti apá òsì, Trevor Francis fi orí kàn án sínú àwọ̀n Malmö. Oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n ra Francis yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mílíọ̀nù pọ́n-ùn rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní Madrid, Robertson fúnra rẹ̀ ni ó jẹ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Hamburg. Ife Yúróòpù méjì nìyẹn, fún ẹgbẹ́ tí ó wà ní Ìpele Kejì ní ọdún mẹ́ta ṣáájú.

Mo ti ń sún mọ́ ibi tí mo ń lọ. Lára ẹgbẹ́ yẹn ni Viv Anderson wà, ọmọ Nottingham tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, tí ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbá fún ẹgbẹ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1978. Anderson ti ròyìn rẹ̀ pé ní Carlisle, nígbà tí òun ṣì kéré, àwọn òǹwòran ń ju èso lu òun, òun sì padà wá jókòó. Clough bi í pé kí ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ó ní wọ́n ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lu òun. Ọ̀gá náà ní kí ó tètè padà lọ, kí ó sì bá òun mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti píà méjì bọ̀. Lẹ́yìn ìdíje náà ó wá ṣàlàyé fún un pé bí ó bá jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dá òun dúró, kò ní di agbábọ́ọ̀lù láé. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí hàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọgbọ́n, àwọn mìíràn ní ìwà ọ̀dájú ni. Anderson fúnra rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní ẹjọ́ tí mo lè rò lé ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ẹni kejì.

Nínú oṣù Kẹjọ 1981 Forest fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ra ọmọ ogún ọdún kan lọ́wọ́ Norwich. Kò sí ènìyàn dúdú kan tí wọ́n ti san irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Justin Fashanu ni orúkọ rẹ̀. London ni a bí i sí ní 1961. Agbẹjọ́rò ará Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Guyana ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó náà tú ká, wọ́n fi òun àti àbúrò rẹ̀ John sí ilé àwọn ọmọ aláìníbùgbé, àwọn òyìnbó méjì ní abúlé kan ní Norfolk ni wọ́n sì gbà wọ́n tọ́. Kò gbọ́ èdè wa. Orúkọ tí àwọn oníròyìn ń pè ní ìpèkúpè yẹn, kò sí ọmọdé kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí: Ifá ṣàánú. Góòlù tí ó jẹ sí Liverpool nínú oṣù Kejì 1980, tí ó fi ẹ̀yìn sí àwọ̀n, tí ó ta bọ́ọ̀lù sókè, tí ó yípo, tí ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé, ni BBC pè ní góòlù tí ó dára jù lọ ní sáà náà.

Ní Forest, kò jẹ ju góòlù líìgì mẹ́ta lọ nínú ìdíje 32. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀, Clough fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1994. Ó gbọ́ pé ọmọkùnrin náà ń lọ sí ilé-ọtí àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn. Ó pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí ẹni ń pa àlọ́ àpamọ̀: níbo ni ènìyàn ń lọ bí ó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, níbo ni ó ń lọ bí ó bá fẹ́ ra ẹran. Ọmọ náà ń dáhùn. Ìbéèrè kẹta ni ó wá fi bú u. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mọ ohun tí ó ṣe níbẹ̀. Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ kò ní ewu nínú. Ó fi wọ́n mú ọmọ náà wọ inú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Ẹnu tí ó yí Mackay lọ́kàn padà, tí ó gba ìbùwọ́lùwé lọ́wọ́ Gemmill, òun kan náà nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí Fashanu má ṣe wá sí ibi ìdánrawò mọ́. Nígbà tí ó wá, ó pe ọlọ́pàá kí wọ́n mú un jáde. Nínú oṣù Kejìlá 1982 wọ́n tà á sí Notts County, ní òdìkejì odò, ní £150,000.

Mo mọ̀ pé èrò wa kò dọ́gba nínú gbọ̀ngàn yìí lórí irú ìgbé-ayé tí ọmọ yẹn yàn. Ìyẹn kọ́ ni mo wá dá lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ọmọ ogún ọdún tí a gbà láti ilé alágbàtọ́, tí a kó mílíọ̀nù kan lé lórí, kí ni olùdarí jẹ ní gbèsè fún un? Àwọn olólùfẹ́ Clough a máa dáhùn pé sáà rẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀, pé kò sí olùdarí kan nígbà náà tí ìbá ṣe é lọ́nà mìíràn. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọkùnrin tí ó ní kí Anderson má ṣe jẹ́ kí èébú èrò lé òun kúrò lórí pápá mọ̀ dáadáa ohun tí èébú ń ṣe fún ènìyàn. Ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà ìdánwò girama. Ní 1976 ẹ wo bí àwọn méjèèjì ti ṣe Robertson: Taylor bá a wí, ó sì fún un ní iṣẹ́ tí yóò ṣe lẹ́yìn ìbáwí. Fashanu gba ìbáwí, kò rí iṣẹ́. Taylor náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á, òun náà kò sì gbọdọ̀ bọ́ nínú ẹ̀bi pátápátá; ṣùgbọ́n nínú oṣù Karùn-ún 1982 ó ní ó ti rẹ òun, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nínú oṣù Kẹwàá 1990 Fashanu sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún gbogbo ayé nínú ìwé ìròyìn, agbábọ́ọ̀lù tí ó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun tí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ná an ní ohun púpọ̀, títí kan àárín òun àti àbúrò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1998, lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kan kàn án ní Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn tí kò dé iwájú adájọ́, tí òun sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò jẹ̀bi rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní London. Ọmọ ọdún 37 ni.

Èyí tí ó kù, n ó yára sọ ọ́. Taylor sinmi oṣù mélòó kan, ó tún lọ darí Derby, àti ní 1983 ó ra Robertson láìsọ fún Clough tí ó wà ní ìrìn-àjò nígbà náà. Clough bú u nínú ìwé ìròyìn. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún méje ni ọkùnrin tí kì í dákẹ́ fi dákẹ́ sí ẹnìkan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó bá sọ̀rọ̀, títí Taylor fi kú sí Majorca nínú oṣù Kẹwàá 1990. Clough lọ síbi ìsìnkú náà. Ìwé tí ó kọ ní 1994, Taylor ni ó fi í ṣe ìrántí fún. Láìsí Taylor, ó gba ife Líìgì ní 1989 àti 1990, ó dé àṣekágbá ife FA ní 1991, ó tọ́ ọmọ rẹ̀ Nigel di aláyò, ó sì rí Roy Keane rà ní £47,000 láti ilẹ̀ Áílándì. Kò gba ife líìgì mọ́, kò sì gba ti Yúróòpù mọ́. Ọtí ti mú un. Ní 1993 Forest já sí ìsàlẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 18. Nínú ìwé kan náà tí mo mẹ́nu bà, ó di ẹ̀bi ikú àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool ní Hillsborough ní 1989 ru àwọn tí ó kú náà. Ní 2016 ìgbìmọ̀ ìwádìí pinnu pé wọn kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 2004, jẹjẹrẹ inú ni. Ìsìn ìrántí rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Derby, ni wọ́n gbé lọ sí pápá bọ́ọ̀lù nítorí pé èrò pọ̀ jù, ó ju 14,000 lọ. Títì tí ó so Derby pọ̀ mọ́ Nottingham ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ère rẹ̀ wà ní Middlesbrough, ó wà ní Nottingham. Ti Derby, tí wọ́n ṣí ní 2010, òun àti Taylor ni wọ́n jọ dúró, ife líìgì wà láàárín wọn.

Kí ó tó kú, ó sọ pé òun kábàámọ̀ bí òun ti ṣe Justin Fashanu. Ìgbà tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n fi orúkọ Fashanu sínú ìwé àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ti Clough ti wà láti ọjọ́ pípẹ́.